Bisikíìtì aláta tó ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Àkúrẹ́

Ẹjọ́ náà kò gùn. Ìyá kan ní Òkè Àró, ní Àkúrẹ́, ń yan bisikíìtì oníyọ̀ aláta nílé, irú èyí tí wọ́n ń jẹ sí tíì nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó bá jáde nínú ààrò, ó ń dún rúmú lẹ́nu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti rọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ bíi páálí, kò ní dá. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń là fúnra wọn: wọ́n á kó wọn sínú ike lálẹ́ ní odidi, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìlà tín-ín-rín kan á ti gba àárín wọn kọjá. Ará ilé ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ráhùn. Ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tó ń gba ogún ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ ni kò lè fara dà á, ó dá ọjà padà.

Ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́. Ìyá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó ra èyí tó nípọn. Iná àbẹ́là ló fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá tẹ́lẹ̀, ó wá lọ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń lẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó yí padà àfi iye owó tó ń ná. Oṣù Kẹfà ni, òjò ò dáwọ́ dúró, aṣọ tí wọ́n bá sá ń lo ọjọ́ méjì lórí okùn, kò sì ṣòro láti di ẹ̀bi náà ru ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kan tí àwọn tó bá a wádìí ọ̀rọ̀ náà bi í ló kọ́kọ́ mú ìfura wá. Ṣé nínú ọyẹ́ náà, ó máa ń rọ̀? Ó ní ó ń rọ̀, pé ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ju ti ìgbà òjò lọ ni. Nígbà ọyẹ́ tí ètè ń là, atẹ́gùn ò ní omi tó máa fún bisikíìtì tó wà nínú ọ̀rá dídì. A jẹ́ pé omi náà ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó di ẹnu ọ̀rá.

Bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀

Agolo mílíìkì mẹ́fà ló fi ń wọn fùláwà. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n: gíráàmù 600. Wọ́n ní kó tún un wọ̀n bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ọwọ́ bá dí, ó di 660, torí pé ó ṣu orí agolo. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí fùláwà pípò le lónìí kó sì rọ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ iye omi kan náà ló ń dà sí i. Ó ń fi bọ́tà gíráàmù 150 sí i, ṣúgà gíráàmù 40, iyọ̀ ṣíbí tíì kan àbọ̀, baking powder ṣíbí tíì méjì. Fún ata, ó ń lọ ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá kan àti atalẹ̀ tútù tó tó àtàǹpàkò, pẹ̀lú omi ife kan, yóò sì da gbogbo rẹ̀ sínú fùláwà. Òórùn rẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò dùn.

Ìgò ló fi ń yí i pẹlẹbẹ lórí tábìlì. Ààrò gáàsì rẹ̀, èyí tó ní ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná ti ń jó nínú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan lára kọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi kékeré àti ńlá. Ó ń fi sórí ńlá. Ìṣẹ́jú 12, bisikíìtì ti pọ́n bíi dòdò, ó kó o jáde. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fáànù kó tètè tutù, tó bá ti kúrò ní gbígbóná tó ń jó ọwọ́, ó ti ń kó o sínú ọ̀rá.

Ohun tí òṣùwọ̀n sọ

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá omi ṣì kù nínú bisikíìtì ni láti wọ̀n ọ́n, kí ẹ dá a padà sínú iná kékeré, kí ẹ tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín, omi ni. Mẹ́wàá nínú tirẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa, tó ti tutù, jẹ́ gíráàmù 116. Wọ́n dá a padà sínú ààrò tí iná rẹ̀ kéré tó bó ṣe lè kéré, wọ́n fi ṣíbí kan ha ilẹ̀kùn kí ooru omi lè ráyè jáde, ó lo ìṣẹ́jú 30. Nígbà tó tutù, ó ti di 108. Gíráàmù mẹ́jọ ti lọ, nǹkan bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bisikíìtì oníyọ̀ tó máa pẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá méjì sí mẹ́ta lọ.

Kí wọ́n má baà jiyàn, wọ́n pín iyókù ọjọ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀rá kan náà, ẹ̀rọ ìlẹ̀rá kan náà. Ìpín kìíní wọ inú ọ̀rá ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe é. Ìkejì dúró wákàtí méjì kó tó wọ̀ ọ́. Ìkẹta ni èyí tó padà sínú iná kékeré, tó wá tutù pátápátá. Ní wákàtí kan, inú ọ̀rá àkọ́kọ́ ti ń làágùn, ìkán omi wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti rọ̀. Èyí tó dúró wákàtí méjì kò làágùn, síbẹ̀ ó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ìkẹta ṣì ń dún rúmú lọ́jọ́ karùn-ún, nínú òjò kan náà. Ìyá náà bu ọ̀kan jẹ, ó wo ẹ̀rọ ìlẹ̀rá tó fi owó rà, ó rẹ́rìn-ín.

Pípọ́n yàtọ̀ sí gbígbẹ

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so mọ́. Ojú ló fi ń mọ̀ pé ó ti jinná, àwọ̀ sì ń purọ́ fún un. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà láàárín bisikíìtì, àárín yẹn ò lè gbóná ju ibi tí omi ti ń hó lọ, nǹkan bíi 100°C. Ara rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ti gbẹ, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ń pọ́n. Ṣúgà ń mú kí pípọ́n yá. Àlùbọ́sà tútù náà ní ṣúgà tirẹ̀, òun ló fà á tí àlùbọ́sà fi ń pọ́n nínú òróró. Ẹ wá fi iná ńlá láti ìsàlẹ̀ kún un. Ìṣẹ́jú 12 pé, ìta ti pọ́n bíi dòdò, inú ṣì jẹ́ búrẹ́dì. Tí wọ́n bá dá a sí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó jáde, ẹ ó rí ìlà funfun kan láàárín, tó rọ̀ tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Etí tó ti gbẹ ló ń dún lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mọ́jú, omi àárín á rìn dé etí, gbogbo rẹ̀ á wá rọ̀ bákan náà.

Nínípọn rẹ̀ dá kún un. Ìgò kì í tẹ nǹkan dọ́gba lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Wọ́n fi rúlà wọn díẹ̀: àárín mílímítà 4, etí mílímítà 2. Àkókò tó máa gbẹ àárín á jó etí, èyí tó bá sì tó etí kò lè tó àárín.

Lílà náà wá láti inú omi yìí kan náà, àmọ́ fáànù ló parí iṣẹ́. Bí bisikíìtì ṣe ń tutù, àárín rẹ̀ tó ṣì ní omi ń sọ omi nù, ó sì ń sún kì. Etí tó gbẹ jù ń fa omi láti inú atẹ́gùn tó wà níta, ó ń fẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan ń fà wá, èkejì ń tì lọ. Kò ní là lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí bíi mélòó kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rò pé eku tàbí ọmọdé ló fọwọ́ kàn án. Fáànù tó ń fẹ́ ẹ lójú kan mú kí etí àti àárín túbọ̀ jìnnà síra.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Fùláwà gíráàmù 500, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kì í ṣe agolo. Iyọ̀ gíráàmù 9, ṣúgà gíráàmù 10 péré, baking powder ṣíbí tíì kan tí wọ́n tẹ́ orí rẹ̀. Bọ́tà gíráàmù 80, tàbí òróró ẹ̀pà mílílítà 75. Omi tútù mílílítà 190 sí 200. Ní ìgbà òjò, wọ́n kọ́kọ́ da 180, torí fùláwà inú àpò náà ti mu díẹ̀ nínú ọ̀rinrin. Ní ọyẹ́, ó lè gbà tó 210. Bọ́tà tó ń ti ilé ìtajà wá náà ní omi nínú, omi àwọn tí wọ́n rọ̀ nínú ike sì sábà máa ń pọ̀ ju ti èyí tó le nínú páálí lọ.

Ata ni ìyá náà kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé gbogbo nǹkan aládùn inú rẹ̀ á dúró, àmọ́ ní gbígbẹ. Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí tíì méjì, ata gígún ṣíbí tíì kan, àlùbọ́sà gbígbẹ ṣíbí ìjẹun kan. Wọ́n wá fi ataare àti ìyèré kún un, ìlàjì ṣíbí tíì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ àwọn lékuléja Ọjà Ọba. Odidi ataare ni kí ẹ rà, pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ti lọ jìnnà. Ẹ bó o, ẹ ṣa ìhá funfun tó yí kóró rẹ̀ ká dànù, torí kò ní òórùn kankan, ó kàn ń dà bí ìdọ̀tí nínú fùláwà ni. Ìyèré kékeré yẹn ń ta ju bó ṣe rí lójú lọ, tí ẹ bá fi ṣíbí kan kún, òun nìkan lẹ ó máa gbọ́ nínú tíì. Kánáfùrù? Kóró méjì péré, ní lílọ̀, tí ẹ bá fẹ́. Mẹ́ta ti ń sọ ọ́ di oògùn eyín.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù nínú òórùn ni èyí: wọ́n gbé bọ́tà tàbí òróró lé iná kékeré, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò hó, wọ́n da ataare, ìyèré àti ata gígún sí i, wọ́n rò ó ìṣẹ́jú kan, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kó tutù. Èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn àti títa àwọn nǹkan wọ̀nyí, inú òróró ló ń yọ́ sí, omi kì í gbà á dáadáa. Tó bá ń hó tàbí tó ń rú èéfín, ó ti jóná, kíkorò rẹ̀ kò ní kúrò mọ́.

Wọ́n ku fùláwà, baking powder, iyọ̀, ṣúgà, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà gbígbẹ pọ̀. Wọ́n fi ìka run bọ́tà aláta náà sínú rẹ̀ títí tó fi dà bíi gàrí tó rin díẹ̀, kí wọ́n tó da omi sí i ní ìdá mẹ́ta. Pípò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kì í ṣe búrẹ́dì. Tí ẹ bá pò ó títí tó fi ń dán, á máa fà padà bíi rọ́bà, bisikíìtì á sì le bí èèpo igi. Wọ́n bò ó fún ìṣẹ́jú 30. Ìsinmi yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, àwọn náà ló ń ráhùn pé igun mẹ́rin tí àwọn gé di ẹyin nínú ààrò.

Fún nínípọn, wọ́n ní kí káfíńtà kan fá pákó tín-ín-rín méjì tó nípọn mílímítà 2. Wọ́n tẹ́ ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, fùláwà sí àárín, wọ́n wá yí ìgò lórí pákó méjèèjì títí tí ìgò ò fi lè wálẹ̀ mọ́. Ìgò kan náà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni o. Wọ́n gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, fọ́ọ̀kì sì gún ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin dé ìsàlẹ̀, títí tó fi kan tábìlì. Ihò tó bá dúró lójú nìkan kò ṣiṣẹ́: ooru omi á gbé awọ òkè rẹ̀ sókè bí ìrọ̀rí, awọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jóná.

Ààrò tí kò ní nọ́ńbà, wọ́n fi fùláwà díẹ̀ dán an wò. Wọ́n bù ú sórí páànù nínú ààrò tó ti gbóná. Tó bá ti dúdú kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, iná ti pọ̀ jù. Tó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi awọ ẹ̀pà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, ó ti tó, ó wà ní àyíká 180°C. Nítorí pé ìsàlẹ̀ nìkan ni iná ti ń wá, páànù méjì ni wọ́n tò léra, bisikíìtì lórí èyí tó wà lókè. Ìṣẹ́jú 8, wọ́n yí páànù, ẹ̀yìn di iwájú. Ìṣẹ́jú 14 sí 16, wọ́n gbé e jáde nígbà tí etí nìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Tójú bá ní kò tíì jinná, ẹ jẹ́ kó máa wí.

Gbogbo rẹ̀ á wá padà papọ̀ sínú iná tó kéré jù, 110 sí 120°C, fún ìṣẹ́jú 25, ilẹ̀kùn ní híhà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pa iná, wọ́n fi bisikíìtì sílẹ̀ nínú ààrò náà kó bá a tutù díẹ̀díẹ̀. Kò sí fáànù níbẹ̀. Ó di ọ̀rá tàbí agolo onídèérí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti tutù tán, kò gbọ́dọ̀ sùn síta, nítorí níbí gan-an ni atẹ́gùn oṣù Kẹfà ti lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Ìgbà àkọ́kọ́ kò dára tán. Ìyá náà wọ́n ata gígún sójú rẹ̀ kó lè rẹwà, ata náà jóná ṣáájú bisikíìtì, ó korò. Ohun lílọ̀ kò yẹ lójú rẹ̀ rárá. Yànmọ̀tí ni wọ́n fi dípò, wọ́n fi omi pa ojú bisikíìtì fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà kejì, ogójì bisikíìtì jẹ́ gíráàmù 178 nígbà tó tutù. Wọ́n dá a padà sínú iná bíi ti àkọ́kọ́, ó di 175. Kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó là mọ́jú nínú ogójì yẹn. Ti ìgbà kẹta, tí wọ́n kó sínú ọ̀rá nípọn, ṣì ń dún lọ́jọ́ kẹtàlá, ìgbà yẹn ni wọ́n jẹ èyí tó kẹ́yìn.

Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì, tó ń lo ìkòkò ńlá oníyanrìn lórí sítóòfù tàbí èédú, lè ṣe é. Kí yanrìn kọ́kọ́ gbóná fún ìṣẹ́jú 20, kí páànù jókòó lórí òkúta mẹ́ta, kó má kan yanrìn. Ọ̀tá ibẹ̀ ni ọmọrí. Ooru omi tó bá kan ọmọrí á kán padà sórí bisikíìtì, á sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Igi kékeré kan ni kí ẹ fi ha ọmọrí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì yọ èédú kúrò nísàlẹ̀ fún gbígbẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìyá náà àti ṣọ́ọ̀bù ò tíì parí. Ṣọ́ọ̀bù fẹ́ iyọ̀ wóró lójú rẹ̀, ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn kí wọ́n rí i kó máa dán. Iyọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra nígbà tí ọ̀rinrin atẹ́gùn bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, àárọ̀ ìgbà òjò ní Àkúrẹ́ sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú agolo kan tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, wọ́n kó méjèèjì pọ̀, oníyọ̀ lójú àti aláìníyọ̀ lójú, láti inú páànù kan náà. Ọjọ́ kẹrin, iyọ̀ ti yọ́ lójú àwọn tó ní in, ó fi ojú tútù kékeré-kékeré sílẹ̀ níbi tí wóró kọ̀ọ̀kan wà, abẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan sì ti rọ̀. Àwọn yòókù ṣì ń dún. Ìyá náà ti ní òun á máa fi iyọ̀ lójú láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ṣọ́ọ̀bù ní òun á rò ó.